Ejiro Evero: Agbábọ́ọ̀lù Tó Di Olùkọ́ Àwọn Agbábọ́ọ̀lù

Nínú gbogbo ohun tí Ejiro Evero ti ṣe nídìí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún ohun tó lé ní ogún ọdún, bọ́ọ̀lù gbígbá gan-an ló ṣe kéré jù. Ní ọdún 2004, nígbà tó parí yunifásítì, ẹgbẹ́ Oakland Raiders bá a tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Kò gbá ìdíje líìgì kan ṣoṣo fún wọn tí ọ̀nà fi pín. Ọdún méjìdínlógún lẹ́yìn náà, Denver Broncos ní kó wá jẹ́ ọ̀gá fún gbogbo ikọ̀ adènà wọn. Nígbà tó di ọdún 2023, Carolina Panthers gbà á sí irú ipò kan náà. Ẹgbẹ́ 32 péré ló wà nínú NFL, líìgì eré ìdárayá tó ń pawó jù lọ lágbàáyé. Ẹni tó bá ń darí ikọ̀ adènà níbẹ̀, ọ̀kan nínú ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni.

Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ìlú Colchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 1981, California ní Amẹ́ríkà ló sì dàgbà sí. Kò bá ará Ọ̀ṣun tan. Síbẹ̀, ìtàn rẹ̀ kan àwọn ará Ìkìrun, Inísà àti Òkukù. Lójú ọ̀nà tó ti Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà, níbi tí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí tò sí, ó ṣòro kí ènìyàn dé àdúgbò kan kó má bá ọkùnrin kan tó gbajúmọ̀ nídìí bọ́ọ̀lù nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, tí gbogbo ilé ìwé ń pariwo orúkọ rẹ̀, àmọ́ tí orúnkún dà á láàmú tàbí tí kò rí ẹgbẹ́ gbà á, tó wá gba ìdí ọ̀kadà tàbí ìsọ̀ lọ. Ohun tí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù kò bá orúnkún rẹ̀ bàjẹ́. Kò kàn sí ẹni tó bi í léèrè ni.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n bi Evero léèrè.

Kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí a mọ irú eré tí à ń sọ, nítorí púpọ̀ nínú wa tó ń wo Arsenal àti Chelsea ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kò tíì jókòó ti ti Amẹ́ríkà rí. Bọ́ọ̀lù wọn kì í ṣe róbótó. Ó gùn, ó sì ṣe ṣóńṣó lórí méjèèjì bí èso kókó. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń jù ú síra wọn. Ẹsẹ̀ kì í sábàá kàn án, àfi tí wọ́n bá fẹ́ gbá a gba àárín òpó méjì kọjá, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ gbá a jìnnà sí ilé wọn. Ènìyàn mọ́kànlá ló ń dojú kọ mọ́kànlá, bíi tiwa. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àǹfààní mẹ́rin láti fi gbé e síwájú ní yáàdì 10. Bí wọ́n bá rí i ṣe, wọ́n tún gba àǹfààní mẹ́rin mìíràn. Bí wọn kò bá rí i ṣe, bọ́ọ̀lù di ti alátakò. Ẹni tó bá gbé e wọ ìpẹ̀kun pápá àwọn alátakò ti gba àmì 6 fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá gbá gba àárín òpó kọjá, àmì 3 ni.

Ohun tó ya eré yìí sọ́tọ̀ ni pé ó máa ń dúró. Bí wọ́n bá ti gbé ẹni tó mú bọ́ọ̀lù ṣánlẹ̀, rẹfirí á fun fèrè, gbogbo wọn á dìde, wọ́n á sì tún ara wọn tò. Ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni wọ́n sábà máa ń fún wọn. Nínú ìwọ̀nba àkókò yẹn ni akọ́nimọ̀ọ́gbá máa ń ṣiṣẹ́. Nínú bọ́ọ̀lù tiwa, kóòṣì lè pariwo títí ohùn rẹ̀ á fi há, eré kò ní dúró dè é. Ní tàwọn ará Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ jù lọ ìgbésẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yàn láti ẹ̀gbẹ́ pápá, láti inú ìwé ètò tí wọ́n ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kọ́.

Láti ọdún 2008, agbábọ́ọ̀lù kan nínú àwọn adènà tó wà lórí pápá máa ń ní rédíò kékeré nínú akoto rẹ̀, wọ́n á sì lẹ àmì róbótó aláwọ̀ ewé mọ́ ẹ̀yìn akoto náà kí rẹfirí lè dá a mọ̀. Òun ni kóòṣì ń bá sọ̀rọ̀. Yóò sọ fún un bí wọn yóò ṣe tò, ẹni tí yóò sá lọ bá ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, ẹni tí yóò padà sẹ́yìn, ẹni tí kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ṣọ́. Tó bá ti ku ìṣẹ́jú-àáyá 15, rédíò á pa. Ohun tí kóòṣì kò bá tíì sọ títí ìgbà náà, ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ Evero nìyẹn: kó wo bí alátakò ṣe ń tò, kó rántí gbogbo ohun tó ti wò nípa wọn, kó mú ètò kan nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀, kó sì sọ ọ́ jáde kí rédíò tó kú. Bí alátakò bá gbé bọ́ọ̀lù wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ayé yóò nà sí.

Nígbà tó wà ní yunifásítì ìjọba California tó wà ní Davis, ìdí ẹ̀yìn pátápátá ló ń ṣọ́, ipò tí wọ́n ń pè ní safety. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ló kẹ́yìn gbogbo ẹgbẹ́. Bí àwọn tó wà níwájú bá ṣe àṣìṣe, òun ni yóò tún un ṣe. Bí òun bá ṣe é, kò sí ẹni tó kù. Nítorí náà, kò lè máa wo ẹnìkan ṣoṣo. Gbogbo pápá ló gbọ́dọ̀ máa wò, kó sì mọ ohun tó ń bọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá ló ti ibẹ̀ jáde. Tony Dungy, akọ́nimọ̀ọ́gbá tí a ó tún mẹ́nu bà, ti ibẹ̀ jáde pẹ̀lú.

Kì í ṣe Evero nìkan ni ọmọ Nàìjíríà tó wà nínú eré yìí, orúkọ Yorùbá sì ti ń dún níbẹ̀ ọjọ́ pẹ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 2007, nígbà tí Chicago Bears gbá ìdíje ìkẹyìn, Super Bowl, Adewale Ogunleye àti Brendon Ayanbadejo wà nínú ẹgbẹ́ náà. Kò sí ẹgbẹ́ tó yan Ogunleye nígbà tó ń jáde ní yunifásítì Indiana, nítorí ó ti fi orúnkún ṣèṣe. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọ Miami Dolphins, nígbà tó sì di ọdún 2003, kò sí ẹni tó gbé ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ṣánlẹ̀ tó o ní gbogbo AFC, ọ̀kan nínú ẹ̀ka ńlá méjì NFL: ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún ni. Ẹ̀gbọ́n Brendon, Obafemi Ayanbadejo, wà nínú ẹgbẹ́ Baltimore Ravens tó gba Super Bowl ní oṣù Kìíní ọdún 2001. Brendon náà gba tirẹ̀ pẹ̀lú Ravens kan náà ní ọdún 2013.

Èyí tó súnmọ́ ilé jù ni ti Azeez Ojulari àti àbúrò rẹ̀, BJ. Àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ-ọmọ Twins Seven-Seven, ògbóǹtarìgì ayàwòrán tó di olókìkí ní Òṣogbo láti ọdún 1964, tí UNESCO fún ní oyè ayàwòrán àlàáfíà ní ọdún 2005, tó sì fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 2011. New York Giants yan Azeez ní ọdún 2021, Arizona Cardinals yan BJ ní ọdún 2023. Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Ìkìrun kì í pẹ́ dé Òṣogbo tí bàbá wọn àgbà ti ń ya àwòrán. Ṣùgbọ́n ọmọdé mélòó ní Ìkìrun ló mọ̀?

Gbogbo agbábọ́ọ̀lù tí a dárúkọ yìí, ara ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, ara kì í sì í dúró deni. Ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù NFL máa ń sọ pé bí a bá pín in dọ́gba, ohun tó lé díẹ̀ ní ọdún mẹ́ta ni ènìyàn ń lò níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta! Ẹni tó wọlé ní ọmọ ọdún 22 lè ti kúrò kó tó pé 26. Ogunleye pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Nígbà tó sì fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, iṣẹ́ ìṣúná ló gbà lọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa ń padà sórí pápá láti kọ́ ẹlòmíràn, nítorí iṣẹ́ náà kì í bẹ̀rẹ̀ láti òkè, àní fún gbajúmọ̀ pàápàá.

Evero kì í ṣe gbajúmọ̀, ìsàlẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2005, ó padà sí Davis, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó bá wọn kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún méjì. Ní ọdún 2007, Tampa Bay Buccaneers gbà á sí ipò tó rẹlẹ̀ jù láàárín àwọn kóòṣì. Iṣẹ́ ibẹ̀ kò ní ariwo. Kóòṣì kékeré á jókòó síwájú ẹ̀rọ kí ilẹ̀ tó mọ́, á máa gé fídíò ìdíje alátakò sí wẹ́wẹ́, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Á kọ ọ́ sílẹ̀: ìgbésẹ̀ kelòó nìyí nínú mẹ́rin? Yáàdì mélòó ló kù? Ènìyàn mélòó ló dúró sọ́tùn-ún? Ta ló kọ́kọ́ ṣísẹ̀? Lẹ́yìn náà, á ya ìgbésẹ̀ náà sórí káàdì, òbìrí fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, ọfà fún ibi tí wọ́n máa sá gbà, kí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó wà ní ìdúródè lè fi ṣe bí ẹni pé àwọn ni alátakò nígbà ìgbáradì. Bí káàdì kan bá ṣì, ikọ̀ adènà á fi gbogbo ọ̀sẹ̀ gbára dì fún ohun tí kò ní ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó bá ní Tampa. Monte Kiffin ni olórí ikọ̀ adènà níbẹ̀, àgbà nínú iṣẹ́ náà. Òun àti Tony Dungy ni wọ́n ti fìdí irú ìdènà kan múlẹ̀ ní ìlú náà, débi pé orúkọ ìlú náà ni gbogbo Amẹ́ríkà fi ń pè é. Ẹni tó ń gé fídíò fún irú bàbá bẹ́ẹ̀ ń gba ẹ̀kọ́ tí kò sí ní yunifásítì kankan. Nígbà tí Evero kúrò ní Tampa, ó fi ọdún 2010 kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Rhode Island, San Francisco 49ers sì gbà á ní ọdún 2011. Ọdún márùn-ún ló lò níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́.

San Francisco ló ti kọ́kọ́ dé Super Bowl, ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 2013, ní New Orleans. Ravens ni wọ́n bá pàdé, Brendon Ayanbadejo sì wà lọ́dọ̀ Ravens. Iná mànàmáná lọ nínú pápá náà fún ìṣẹ́jú 34, gbogbo ayé ń wò. Nígbà tí iná dé, San Francisco gbógun dìde, ṣùgbọ́n Ravens borí pẹ̀lú àmì 34 sí 31. Bí a bá wo ọjọ́ náà láti ilé, ọmọ Nàìjíríà kan yọ̀ lápá kan, èkejì fajú ro lápá kejì. Ní ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn rẹ̀, ní South Africa, Stephen Keshi mú Super Eagles gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Keshi pẹ̀lú, agbábọ́ọ̀lù tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá ni. A ó padà sórí rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún kan pẹ̀lú Green Bay Packers, Evero dé Los Angeles Rams ní ọdún 2017, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ fún un ní àwọn tirẹ̀ nínú NFL: àwọn tó ń ṣọ́ ìdí ẹ̀yìn, ipò tí òun fúnra rẹ̀ ti gbá rí. Ọmọ ọdún 36 ni nígbà náà, ọdún kẹwàá sì ti kọjá lórí rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń gé fídíò ní Tampa. Rams dé Super Bowl ní ọdún 2019, New England Patriots nà wọ́n pẹ̀lú àmì 13 sí 3. Wọ́n tún padà dé ibẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2022, nínú pápá tiwọn fúnra wọn ní Inglewood. Lọ́tẹ̀ yìí, Evero ti ń darí gbogbo àwọn tó ń dènà bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù gba òkè. Rams na Cincinnati Bengals pẹ̀lú àmì 23 sí 20. Wọn kò tíì fi ayọ̀ yẹn sílẹ̀ tán tí Denver fi ránṣẹ́ sí i.

Ẹni tó pè é sí Denver ni Nathaniel Hackett, tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ gbá bọ́ọ̀lù ní Davis, tí wọ́n sì jọ gbé yàrá kan náà. Denver ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Hackett ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà, ó sì fẹ́ ẹni tí òun mọ̀ dénú. Sáà náà kò dára fún wọn. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ 32, kò sí èyí tí àmì rẹ̀ kéré tó ti Denver lọ́dún 2022, ṣùgbọ́n ikọ̀ tí Evero ń kọ́ dúró gbọin-in lọ́pọ̀ ọ̀sẹ̀ tí àwọn tó yẹ kó gbé bọ́ọ̀lù wọlé kò rí i ṣe. Ní ọjọ́ Kérésìmesì, Rams, ẹgbẹ́ tí Evero ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, fi àmì 51 sí 14 lù wọ́n bolẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Denver já ìwé gbélé-ẹ fún Hackett.

Àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà sọ pé Evero ni wọ́n kọ́kọ́ ní kó di ipò náà mú títí sáà yóò fi parí. Ó kọ̀ ọ́. Jerry Rosburg ni wọ́n wá fún. Àwọn ènìyàn dúdú tó ti jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà nínú NFL kò pọ̀, ọ̀pọ̀ kóòṣì ì bá sì fi ọwọ́ méjèèjì gba irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ̀ láti jókòó sórí àga tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, ìwà ọmọlúàbí ló hù, bí iye owó tó wà nídìí rẹ̀ bá tilẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, oríṣiríṣi ẹgbẹ́ pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún ipò àgbà. Kò bọ́ sí i. Carolina gbà á gẹ́gẹ́ bí olórí ikọ̀ adènà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Carolina fi bí iṣẹ́ yìí ṣe le tó hàn. Ní ọdún 2023, ẹgbẹ́ náà borí nínú ìdíje 2, wọ́n pàdánù 15, wọ́n sì lé akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà, Frank Reich, kí sáà tó parí. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ mẹ́ta péré ló fún alátakò ní yáàdì tó kéré sí tiwọn. Nígbà tí Dave Canales gba ipò àgbà ní ọdún 2024, ó ní kí Evero dúró. Ọdún náà ló wá burú jù fún un. Wọ́n ti ta Brian Burns, ẹni tó mọ bí a ṣe ń lé ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù jù lọ láàárín wọn, fún New York Giants. Derrick Brown, òpó àárín wọn, fi orúnkún ṣèṣe nínú ìdíje àkọ́kọ́, kò sì padà títí sáà fi parí. Ikọ̀ náà wó lulẹ̀. Àmì 534 ni àwọn alátakò gbà lọ́wọ́ wọn. Kò sí ẹgbẹ́ tó tíì fún alátakò ní iye tó bẹ́ẹ̀ rí nínú sáà kan láti ìgbà tí NFL ti wà. 533 ti Baltimore Colts ọdún 1981 ló wà níwájú tẹ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdíje 16 ni tiwọn nígbà náà, tí ti ìsinsìnyí jẹ́ 17.

Wọn kò lé e. Wọ́n mọ ohun tó fà á, wọ́n sì ra àwọn adènà tuntun fún un. Ní sáà 2025, Carolina gba ipò kìíní ní ẹ̀ka wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 2015. Rams ló dá wọn dúró nínú ìdíje tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú àmì 34 sí 31. Bí wọ́n bá ti fi ìbínú já ìwé gbélé-ẹ fún un ní ìparí ọdún 2024, ta ni ì bá bá wọn kọ́ ikọ̀ náà pa dà? Àwọn alákòóso bọ́ọ̀lù wa ní Nàìjíríà, tí wọ́n máa ń lé kóòṣì lẹ́yìn ìdíje mẹ́ta tí kò dára, ó yẹ kí wọ́n wo ti Carolina dáadáa.

Kí irú Evero tó lè dé ibi tó dé, àwọn mìíràn ti la ọ̀nà. Fritz Pollard, ọkùnrin dúdú tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Akron Pros, ni wọ́n fi ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ọdún 1921. Lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀kùn tì. Ó di ọdún 1989 kí ẹgbẹ́ mìíràn tó tún fi ènìyàn dúdú sí ipò àgbà: Art Shell, tí òun náà ti gbá bọ́ọ̀lù, nínú ẹgbẹ́ Raiders kan náà tó wá mú Evero wọlé lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní ọdún 2003, líìgì ṣòfin tí wọ́n fi orúkọ Dan Rooney, tó ni Pittsburgh Steelers nígbà náà, pè: lákòókò yẹn, ẹgbẹ́ tó bá ń wá akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà gbọ́dọ̀ pe ó kéré tán ẹnìkan tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Òfin náà lè mú kí wọ́n pe ènìyàn. Kò lè mú kí wọ́n gbà á. Dungy, tó fi ọdún mẹ́ta péré gbá bọ́ọ̀lù nínú NFL kó tó di kóòṣì nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó kọ́ ẹgbẹ́ tó gba Super Bowl. Ìdíje ọdún 2007 ni, Indianapolis Colts rẹ̀ ló na Chicago, níbi tí Ogunleye àti Ayanbadejo wà, pẹ̀lú àmì 29 sí 17.

A ní tiwa nílé. Keshi jẹ́ balógun Super Eagles tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Tunis ní ọdún 1994, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rẹ̀, ó lọ kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Amẹ́ríkà. Ó mú Tógò yege láti lọ sí ife àgbáyé ọdún 2006, ohun tí wọn kò ṣe rí, ó sì gba ife Áfíríkà fún Nàìjíríà ní ọdún 2013 kó tó di olóògbé ní oṣù Kẹfà ọdún 2016. Ní Ọ̀ṣun níhìn-ín, Olóyè Adégbóyè Onígbìndé ti Mọdákẹ́kẹ́ kò fi bọ́ọ̀lù gbígbá lókìkí. Olùkọ́ ilé ìwé ni wọ́n. Àwọn ló mú Nàìjíríà dé àṣekágbá ife Áfíríkà ọdún 1984, tí Cameroon na Nàìjíríà ní ayò 3 sí 1, àwọn náà ló sì kó Super Eagles lọ sí ife àgbáyé ọdún 2002 ní Korea àti Japan. Olùkọ́ tó mọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ni wọ́n, ìmọ̀ yẹn ni wọ́n sì gbé lọ sórí pápá.

Ohun tó jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín wa àti Amẹ́ríkà ni àkàbà. Evero rí Davis padà sí, ó rí Tampa, ó rí Kiffin, ó rí Rhode Island. Bó bá ti ibì kan jábọ́, òmíràn wà nítòsí tó lè dì mú. Ọkùnrin tó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Inísà lónìí, tó bá di ọmọ ọdún 25 láìrí ẹgbẹ́ gbà á, kò rí ìgbésẹ̀ kìíní pàápàá. Keshi àti Onígbìndé fúnra wọn ló wá ọ̀nà tiwọn. A kò lè máa retí pé gbogbo ọmọ yóò ní irú agbára bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní náà kò sì wọ́n. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tó ń ya fídíò wà lọ́wọ́ púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa. Ẹni tó bá fi ya ìdíje ilé ìwé méjì, tó gé e sí wẹ́wẹ́, tó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀, ti ń ṣe iṣẹ́ tí Evero ń ṣe ní Tampa. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá, NIS, wà nínú pápá ìṣeré ńlá ní Sùúrùlérè, Èkó. Ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà ní Òkukù, pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ tó kún inú rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ kò sì jìnnà mọ́. Osi Umenyiora, tí wọ́n bí sí London, tó gbé Nàìjíríà nígbà èwe, tó sì gba Super Bowl méjì pẹ̀lú New York Giants, ti ń wá àwọn ọ̀dọ́ alágbára kiri ilẹ̀ Áfíríkà fún NFL. Ní ọdún 2022, Kansas City Chiefs mú Kehinde Oginni, ọmọ Nàìjíríà tí kò gba yunifásítì Amẹ́ríkà kankan kọjá, wọ ẹgbẹ́ wọn nípasẹ̀ ètò tí NFL ṣe fún àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè. Irú eré náà tó rọrùn, tí kò sí àkọlù nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní flag football, yóò wà nínú ìdíje Olympics ní Los Angeles lọ́dún 2028, fún ọkùnrin àti obìnrin. Ènìyàn márùn-ún ló ń gbá a ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kò nílò akoto, kò nílò ohun ìbòra èjìká. Àsíá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí ni àwọn alátakò máa ń fà yọ dípò kí wọ́n gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. Pápá ilé ìwé tó wà ní Ìkìrun tó o, ó sì ṣẹ́kù.

Ọ̀rọ̀ kù sọ́wọ́ àwọn tó lágbára. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn àti Odò-Ọ̀tìn, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà nílé àti lókè òkun, yan ẹnìkan lọ́dọọdún láàárín àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí ní Ìkìrun, Inísà àti Òkukù, kí wọ́n san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní NIS, kí wọ́n sì fún un ní iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nígbà tó bá padà dé. Ẹni tó bá sì mọ irú ọkùnrin tàbí obìnrin bẹ́ẹ̀ ládùúgbò rẹ̀, kó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kó gbé e lọ fún àwọn alága ẹgbẹ́ ìlú kí wọ́n tó ṣèpàdé ọdún yìí.